ORÍKÈÉ IWÁJÚ ỌKỌ̀: Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN TÍ Ń FI PÍKỌ́Ọ̀PÙ KẸ́RÙ NÍ ỌJÀ BALÓGUN

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí àwọn àgbà wa ti ń pa òwe yìí nípa ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a lè pa á nípa ọkọ̀ tí ń kẹ́rù. Ẹsẹ̀ méjì iwájú ni ó ń tọ́ka ọ̀nà. Ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn a sì máa tẹ̀lé e lọ. Bí iwájú bá ṣìnà, ọkọ̀, awakọ̀, èrò àti ẹrù ni yóò jọ ṣìnà. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a bá ẹ̀yin ònkàwé wa sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó dàbí ẹni pé ti mẹkáníìkì nìkan ni, ṣùgbọ́n tí ó kan baálé, ìyàwó ilé, ọmọ àti oníṣòwò: èyíinì ni àwọn oríkèé tí ó wà lábẹ́ iwájú píkọ́ọ̀pù, bí wọ́n ti ń gbó, bí a ti ń mọ̀ pé wọ́n ti gbó, àti bí a ti ń pààrọ̀ wọn.

Ẹni tí ó bá ti dé Ọjà Balógun ní ìdájí kò ní í ṣàì mọ ohun tí a ń wí. Ọjà náà kì í ṣe èyí tí ó ní ògiri àti ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Àwọn òpópó gan-an ni ọjà, láti Balógun kan Martins àti Breadfruit, títí dé ìhà Eréko àti Ìdúmọ̀tà. Láàrin àwọn òpópó tóóró wọ̀nyí ni píkọ́ọ̀pù ń gbà, pẹ̀lú bélì aṣọ tí a tò ga ju orí awakọ̀ lọ, tí alábàárù ń kígbe níwájú rẹ̀ pé, "Ẹ yàgò lọ́nà o!" Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti gun afárá. Ní ọdún 1901 ni a kọ́kọ́ ṣí Afárá Carter tí ó so Èkó mọ́ Ìddó. Afárá Èkó tí ó gba Apọ́ńgbọ́n parí ní 1975. Afárá Kẹta, tí gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 11, parí ní 1990. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní omi lábẹ́. Ẹni tí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ rẹ̀ kò dúró ṣinṣin, tí ó sì ń gun irú afárá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀mí ni ó ń fi ṣe tẹ́tẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ṣojú wa. Ọkọ àti ìyàwó kan wà tí a mọ̀ dáradára, tí gbogbo ará ọjà ń pè ní Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì. Ìyàwó ń ta ànkárá nítòsí Eréko. Ọkọ a sì máa fi píkọ́ọ̀pù kó ẹrù rẹ̀ àti ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ sí Agége, Ìkòròdú àti Ṣágámù. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n òun ni ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ìbejì méjèèjì. Nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí ọjà Kérésìmesì ti ń súnmọ́ tòsí, Ìyá Ìbejì ń ka bélì aṣọ rẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí táyà iwájú ní apá ọ̀tún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á, ó sì rí i pé etí rẹ̀ ti inú ti dán bí orí apárí, nígbà tí ti òde ṣì ní ìlà.

"Bàbá Ìbejì," ni ó wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo táyà yìí. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí a rà á."

"Títì Èkó ni ó ń jẹ ẹ́, Ìyá Ìbejì," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Táyà ta ni títì Èkó kò jẹ rí?"

"Títì kan náà ni táyà òsì ń gbà. Kí ló dé tí kò jẹ tiyẹn?"

Ọkọ rẹ̀ kò rí èsì fọ̀. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ó ti tó oṣù kan tí ó ti ń yí sítíárì bí ìwọ̀n ìka mẹ́rin kí ọkọ̀ tó jẹ́ ẹ; ó sì ń gbọ́ "kó, kó, kó" nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó bá ti bọ́ sí kòtò kékeré. Ṣùgbọ́n owó tí ó wà nílé ni owó tí Ìyá Ìbejì yóò fi ra ọjà Kérésìmesì, ó sì rò nínú ara rẹ̀ pé kí ọdún kọjá ná. Àwọn tí ń rò bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàrin wa, a kò sì lè bá wọn wí jù, nítorí àìní ni ó ń kọ́ ènìyàn ní irú ìrònú bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, bí ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n ń ti Ìkòròdú bọ̀ lórí Afárá Kẹta. Ìyá Ìbejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, àwọn ìbejì sì wà lẹ́yìn wọn. Táyà iwájú bọ́ sí ibi tí afárá ti so pọ̀, sítíárì gbọ̀n tìtì lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì, ọkọ̀ sì yà bàrá sí ìhà irin etí afárá. Ó dì í mú, kò tẹ bíréèkì lójijì, ó jẹ́ kí eré ọkọ̀ náà rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ ní Adéníji Adélé. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ náà títí wọ́n fi dé ilé.

Kí ni àwọn oríkèé tí a ń sọ yìí? Bí ènìyàn ti ní ìgbaròkó, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iwájú ọkọ̀ ní tirẹ̀. Apá irin kan wà tí ó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ààmù. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ó jẹ́ méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ní ìdí ààmù, níbi tí ó ti so mọ́ ṣásí, ni bọ́ṣì wà, rọ́bà tí a fi irin ká, kí ààmù lè máa lọ sókè sódò láìpariwo. Ní orí rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì wà, irin róbótó bí ọmọ ayò tí a fi sínú ago, èyí tí ó jẹ́ kí táyà lè yí sọ́tùn-ún sósì bí ó ti ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Táì-rọ́ọ̀dù ni ọ̀pá tí ó ń gbé àṣẹ ọwọ́ awakọ̀ láti ìdí sítíárì lọ bá táyà. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ pẹ̀lú ni irú oríkèé róbótó kan náà wà. Sípíríǹgì ni ó ń ru ìwúwo. Ṣọ́ọ̀kì ni ó sì ń dá sípíríǹgì lẹ́kun kí ó má baà máa jó láìdúró.

Ọkọ̀ kò rí bákan náà. Àwọn ọkọ̀ Bedford onípákó tí àwọn bàbá wa ń pè ní bólẹ̀kájà ní ọ̀pá irin kan gbọọrọ tí ó dábùú iwájú wọn, wọ́n sì ń fa gírísì sí oríkèé rẹ̀. Peugeot 504, tí ilé iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní 1975, ní sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì iwájú tí ó jọ wà lójú kan. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó ń pa gbogbo wọn. Ìbòrí rọ́bà kékeré ni ó ń pa gírísì mọ́ sínú oríkèé róbótó. Bí ìbòrí náà bá ya, gírísì yóò jáde, omi àti iyanrìn yóò wọlé, irin yóò sì máa lọ irin títí àyè yóò fi ṣí sílẹ̀ láàrin wọn. Ẹni tí ó mọ bí omi òjò ti ń dúró ní àwọn òpópó Ìsàlẹ̀ Èkó kò ní í béèrè ibi tí omi ti ń wọlé. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà ti kúrò ní wíwa ọkọ̀ ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, táyà ọ̀tún iwájú ni ó súnmọ́ etí gọ́tà jù lọ, òun ni ó sì sábà máa ń bọ́ sí kòtò ibẹ̀. Ẹ wá fi ẹrù àpọ̀jù kún un. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwọ̀n ẹrù tí àwọn tí ó ṣe é kọ sílẹ̀ fún un, bélì aṣọ kò sì fúyẹ́.

Àmì àìsàn náà kò fara sin fún ẹni tí ó bá fẹ́ rí i. Èkíní, bí sítíárì bá ń ṣeré lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó jẹ́ ẹ. Èkejì, bí ọkọ̀ bá ń rìn bí ọ̀mùtí lójú títì tí ó tẹ́jú, tí awakọ̀ ń tún un ṣe nígbà gbogbo. Ẹ̀kẹta, bí a bá ń gbọ́ ìró irin nínú kòtò. Ẹ̀kẹrin, bí táyà bá ń jẹ ní etí kan ṣoṣo. Ẹ̀karùn-ún, bí ojú táyà bá ṣe kòtò kòtò yíká: èyí sábà jẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì. Ẹ tẹ igun iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tagbára tagbára kí ẹ sì fi í sílẹ̀; bí ó bá ń jó sókè sódò kọjá ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, tàbí bí òróró bá ń ṣàn lára ṣọ́ọ̀kì, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Ìbejì gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbàlagbà kan. Baba náà kò mú sípánà. Ó ní, "Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ èyí tí inú ń run." Ọ̀nà tí ó gbà yẹ̀ ẹ́ wò yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní ọkọ̀ mọ̀, kí a má baà fi èyí tí ó dára pààrọ̀ èyí tí ó dára.

Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lórí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní kí Bàbá Ìbejì máa mi sítíárì sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀. Òun dùbúlẹ̀ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, ó ń fi ọwọ́ kan oríkèé táì-rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ọ̀pá bá ti yí tí táyà kò sì yí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ibẹ̀ ni àyè wà. Lẹ́yìn èyí ó gbé iwájú sókè pẹ̀lú jáàkì, ó sì fi ìdúró irin sábẹ́ ṣásí kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó fi ọwọ́ mú táyà lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín. Lẹ́yìn náà ó mú un lọ́tùn-ún àti lósì, ó tún mì ín. Bí ó bá mì lọ́tùn-ún lósì nìkan, táì-rọ́ọ̀dù ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá mì lókè nísàlẹ̀, ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì, ó sì lè jẹ́ bẹ́rìn táyà. Láti ya méjèèjì sọ́tọ̀, ó ní kí a tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀: bí mímì náà bá dúró, bẹ́rìn ni, bí kò bá dúró, oríkèé ni.

Ohun kan tún wà níbí tí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Nínú píkọ́ọ̀pù tí sípíríǹgì rẹ̀ ń tẹ ààmù ìsàlẹ̀, bí a bá gbé ọkọ̀ ní ṣásí tí táyà sì rọ̀ sílẹ̀, agbára sípíríǹgì yóò há oríkèé náà mọ́lẹ̀, a kò sì ní í rí àyè inú rẹ̀. Nítorí náà ààmù ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni a ó gbé, ní ibi tí ó súnmọ́ táyà, kí oríkèé lè sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n nínú irú ọkọ̀ bíi 504, tí ìwúwo rẹ̀ gba òkè ṣọ́ọ̀kì kọjá, ara ọkọ̀ ni a ó gbé kí táyà lè rọ̀.

Ó ṣe, baba náà jókòó, ó nu ọwọ́ rẹ̀. Orí táì-rọ́ọ̀dù apá ọ̀tún ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí irin róbótó inú rẹ̀ fi ń fẹ́ yọ kúrò nínú ago. Bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ìsàlẹ̀ méjèèjì ti ní àyè. Bọ́ṣì ààmù sì ti ya. "Ọmọ mi," ni ó wí, "èyí kì bá tí dé ọjọ́ Sátidé." Bí orí táì-rọ́ọ̀dù bá yọ, táyà kan yóò máa lọ síbi tí ó wù ú, sítíárì kò sì ní àṣẹ lórí rẹ̀ mọ́. Bí bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì bá já, táyà yóò wó sábẹ́ ọkọ̀ bí ẹsẹ̀ tí ó rọ́.

Iye owó tí ó dárúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ọjà Kérésìmesì. Bàbá Ìbejì wolẹ̀. Ìyá Ìbejì ni ó dáhùn: "Bàbá, ẹ bá wa ṣe é. Mo ti gba àjọ mi. Aṣọ tí n kò bá rà lọ́dún yìí, n ó rà á lọ́dún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìbejì, wọn kì í tà wọ́n ní Balógun."

Nísisìyí, nípa ríra ẹ̀yà ọkọ̀. Ládípò ní Mushin, tàbí ọjà inú àgbàlá Trade Fair lójú ọ̀nà Badagry, ni àwọn ará Èkó sábà ń lọ. Ẹ mú ti àtijọ́ dání, kí ẹ fi wọn gígùn, ìlà ara àti ìnípọn ti tuntun, nítorí ọkọ̀ kan náà lè yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún. Òkúta ni ẹ̀yà tòkunbọ̀ dára fún bí ó bá jẹ́ ààmù irin tí kò tẹ̀ tí kò sì sán. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì, orí táì-rọ́ọ̀dù àti bọ́ṣì tí a ti lò, a kò mọ iye ọjọ́ ayé tí ó kù fún wọn. Ayédèrú náà sì wà, tí a tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá sí lára; iṣẹ́ Àjọ tí ń mójútó Ojúlówó Ọjà ní Nàìjíríà láti 1971 kò tíì lé wọn tán. Ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá orí oríkèé tuntun: kí ó le díẹ̀, kí ó sì máa yí geerege, bí ó bá tú yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀ nínú páálí rẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ ra ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, nítorí ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò.

Nípa iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Kí a tó tú orí táì-rọ́ọ̀dù, baba náà fi ẹfun sàmì sí ibi tí ó dé lára ọ̀pá, ó sì ka iye ìgbà tí ó yí i kí ó tó bọ́, kí tuntun lè dé ibi kan náà. Ó yọ pín-ìn-nì, ó tú nọ́ọ̀tì ṣùgbọ́n kò yọ ọ́ tán, kí ọ̀pá má baà fò jáde lójijì. Kò fi òòlù lu orí ọ̀pá, èyí tí ó máa ń ba ìlà rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ihò irin tí ó dì í mú ni ó lù ní ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀pá sì tú sílẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ tú bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì, ó fi jáàkì ti ààmù ìsàlẹ̀, nítorí sípíríǹgì tí a há mọ́ ní agbára tí ó lè pa ènìyàn. Ti irú 504, a kò gbọdọ̀ tú òkè ṣọ́ọ̀kì láìjẹ́ pé a fi irin-ìfúnmọ́ di sípíríǹgì rẹ̀ ná.

Nígbà tí ó ń dá a padà, ó nu ihò náà títí ó fi gbẹ, ó fún nọ́ọ̀tì dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ. Ihò pín-ìn-nì kò bá ara mu. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ tú nọ́ọ̀tì padà díẹ̀, baba náà sì gbá a lọ́wọ́. "Iwájú ni kí o fún un sí," ni ó wí, "kì í ṣe ẹ̀yìn." Pín-ìn-nì tuntun ni ó lò, kò dá ti àtijọ́ padà. Bóòtù bọ́ṣì ni ó fún kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀. Bí a bá fún un nígbà tí táyà rọ̀, rọ́bà náà yóò wà ní lílọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi ya.

Iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Bí ó ti wù kí a ka yíyí ọ̀pá tó, a gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí a ti ń ṣe aláìnmẹ́ǹtì, kí a fi ẹ̀rọ wo bí táyà méjèèjì ti dojú kọ ọ̀nà. Bí iwájú wọn bá súnmọ́ ara jù, etí òde ni yóò máa jẹ; bí iwájú wọn bá jìnnà sí ara jù, etí inú ni yóò máa jẹ, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á mọ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ń fi owó yìí pamọ́, tí wọ́n sì ń fi ìlọ́po rẹ̀ ra táyà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún wo àwọn nọ́ọ̀tì náà. Níbi tí oríkèé bá ní ẹnu ìfagírísì, ẹ máa fún un ní oúnjẹ rẹ̀ lákòókò.

Bí ọjà Kérésìmesì ti rí fún wọn ńkọ́? A kò ní í purọ́ fún ẹ̀yin ònkàwé wa. Aṣọ kò kún ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì bí ti ọdún tí ó ṣáájú, díẹ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ sì yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún rí i nínú oṣù kẹta, ó wà lẹ́bàá ọkọ̀, ó ń ka bélì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti fi ọwọ́ pa táyà ọ̀tún kí ó tó jẹ́ kí wọ́n dì í. Ìlà táyà náà dọ́gba láti inú dé òde. Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Ìbejì ti di mẹkáníìkì wa."

Ẹ̀yin ìyàwó tí ẹrù yín ń gun ọkọ̀, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ wo táyà. Ẹ̀yin baálé, bí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ bá ń ṣeré, ẹ sọ ọ́ nílé kí owó tó tán. Ẹni tí ó bá pa á mọ́ra nítorí ọjà, ọjà kò ní í bá a gun afárá.